Bàtà tàbí Òrùlé

Ọmọ mi àgbà,

Ìyá rẹ kú ní Ọjọ́rú, nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, kí oòrùn tó gun òkè tán. Ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì kú. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ lo pa ojú rẹ̀ dé. Aránṣọ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ìkíni ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, pé bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ yìí, o máa rò pé ẹlòmíràn tún ti kú ni. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ibi ikú yẹn ló ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó bá sì fẹ́ tú okùn, ibi tó ti ta kókó ni yóò fọwọ́ kàn.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun yó, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ níbi tí o ti ń yọ búrẹ́dì lórí iná ti fúyẹ́? Iná ilé-iṣẹ́ yín kò ní jó ọ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ lé, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní yọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di iṣẹ́ àṣedànù, ẹni tó bá sì ń wá ìṣubú rẹ, òun ni yóò tètè jókòó sílẹ̀. Èmi wà. Orúnkún òsì ń ké bí ilẹ̀kùn àlòkù, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, n kò sì bèèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń wá bá mi kẹ́dùn ti dẹ́kun, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹkún kì í dí ihò táyà.

O máa bèèrè pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ilé wa kò ju yàrá méjì lọ, ìlú tí o wà sì jìnnà. Bí mo bá fẹ́ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, àfi kí n pariwo, bí mo bá sì pariwo, àbúrò rẹ á gbọ́. Aránṣọ ní kò dìgbà tí mo bá pariwo, pé fóònù ló ń gbé ohùn lọ. Mo bi í bóyá òun ti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ará òkè odò gbọ́ ọ rí. Ó tẹ orí ba, ó ń kọ ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àbúrò rẹ, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òkòtó nítorí bó ṣe máa ń pòyì tòun ti bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. O mọ̀ pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé inú ilé ni wọ́n ti ń gbá a báyìí. Ilé ńlá ẹ̀yìn ibùdókọ̀, níbi tí wọ́n ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó pákó jáde, wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì dídán sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí i, wọ́n gbé ilé àwọ̀n kékeré kan sí orí, wọ́n gbé òmíràn sí ìdí. Èèyàn márùn-ún ní ń gbá a lápá kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà kéré, ó wúwo, kì í ta sókè. Mo rò pé ó ti jò ni, mo ru pọ́ǹpù mi láti ilé lọ bá wọn, mo ní n kò gba nǹkan kan. Kóòṣì wọn dúpẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn, kí ó lè máa fà sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà láti ìgbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n, ọmọdé wá ń sọ fún mi pé ohun tó jò kò jò. Mo gbé pọ́ǹpù mi padà sílé.

Kò sí ohun tó gbé mi débẹ̀ ju pé lẹ́yìn tí ìyá rẹ lọ, n kò ní iṣẹ́ kan lọ́sàn-án mọ́ ju kí n jókòó ti ògiri, ògiri kò sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo bá ń gbé àpótí ìjókòó mi, mo ń tẹ̀ lé Òkòtó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ìjà ti dé láàárín wọn. Kóòṣì yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó pín wọn sí wẹ́wẹ́. Mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ó to àwọn nǹkan pupa kan bíi fìlà sílẹ̀ yí wọn ká, ó ní inú ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gbá a. Àwọn tó kù, ó to tiwọn sí apá kejì. Gbọ̀ngán tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó há a bí ẹni tó ń há ogún. Mo sún mọ́ ọn, mo ní bí àwọn ọmọ yìí kò bá bára wọn sọ̀rọ̀, kí ó pè wọ́n kí n bá wọn parí ẹ̀. Ó ní rárá o, Bàbá, èémí ni òun ń wá fún wọn. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun máa ń ní kí wọ́n sáré yí gbọ̀ngán ká, ṣùgbọ́n ó sú wọn, àwọn kan a sì máa fara pamọ́ sẹ́yìn òpó títí àwọn yòókù á fi yípo dé, kí wọ́n tó jáde bá wọn sá. Mo ní olè ni irú wọn. Ó ní ọmọ yín ni olórí wọn, Bàbá.

Ó ní bí èèyàn bá jẹ́ mẹ́ta péré, ta ló máa fara pamọ́ sẹ́yìn ta? Bọ́ọ̀lù á máa kàn ọ́ ṣáá. Bí ó bá ti jáde, òun ti ní òmíràn lọ́wọ́, òun á jù ú sí wọn kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè tẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe díẹ̀, á fọn fèrè, wọ́n á rìn, wọ́n á mumi, fèrè tún dé. Ó ní ẹni tó ń gbá a kì í mọ̀ pé òun ń sáré, nítorí ara bọ́ọ̀lù ni ojú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọkàn mọ̀. Mo ní láyé tiwa, ẹni tó bá ń wá èémí, kẹ̀kẹ́ ló máa gbé gun òkè. Ó ní èyí náà, òkè ni, pé wọ́n kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni.

Mo wò ó, kì í ṣe irọ́. Ọmọ tó máa ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí mo bá rán an ní omi, mo rí i tó ń sáré lọ sáré bọ̀, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni tó ga jù ú lọ, tó ń jágbe mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣé oorun lo wá sùn níbí, gbé e wá, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ amọ̀! Èyíinì náà ń dá a lóhùn pé wá gbà á, ẹlẹ́nu bí agogo! Èmi gan-an kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n gbé e fún ọmọ mi. Kóòṣì bẹ̀ mí kí n rọra, ó ní wọn kò gbọ́ fèrè òun mọ́.

Ọ̀já àyà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù wọn a máa so ọ̀já dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù. Mo rò pé egungun ìhà wọn ló dá, mo wá ń rò ó pé eré wo ló ń dá egungun ìhà gbogbo èèyàn pọ̀. Kóòṣì ní ọkàn wọn ni ọ̀já náà ń tẹ́tí sí, tó ń ròyìn rẹ̀ sínú fóònù òun. Ó fi hàn mí. Orúkọ wọn tò sójú fóònù, ọkàn pupa kọ̀ọ̀kan ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ti Òkòtó wà ní ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, mo fi ojú mi yìí rí ọkàn àbúrò rẹ nínú fóònù èèyàn.

N kò bínú. Mo kàn bi í pé ṣé iná fóònù náà ṣì kù púpọ̀. Ó wò ó, ó ní ó ti fẹ́ tán. Ọkàn gbogbo ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀, ó ní ó ti fẹ́ tán, ó sì ń rẹ́rìn-ín! Mo ní kí ó lọ fi í síná kíákíá. Láti ọjọ́ náà, ìdí ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ ògiri ni mo máa ń gbé àpótí mi sí, mo ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé àwọ̀n fún wọn, ọmọbìnrin gìrìwò kan, wá lọ́jọ́ kan kí ó yọ ọ́ láti ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo fi fìlà gbá a lọ́wọ́. Ó ní ha, Bàbá, kí ni mo ṣe? Mo ní tìẹ gan-an wà níbẹ̀, òmùgọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, Òkòtó fi ẹ̀wù bo ojú. Kóòṣì wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé bí fóònù bá kú, ọkàn á ṣì máa lù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà ìyá rẹ náà ṣàlàyé nǹkan púpọ̀ fún wa. Mo fi àpótí mi síbi tó wà.

Ìdánwò kan wà tí wọ́n máa ń ṣe. Kóòṣì á gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń ké píì, wọ́n á sá láti ìlà kan dé ìkejì kí ó tó tún ké, ẹ̀rọ á máa yára sí i, ẹni tí kò bá tètè dé ìlà á jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Òkòtó wà lára àwọn tó tètè jáde. Ó na gbalaja, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì gbé ojú sí ibòmíràn, nítorí bí ìyá rẹ ṣe máa ń mí nìyẹn bí ó bá ti inú yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀rọ ń ké, èèyàn ń jáde, Òkòtó ń sá. Ó ku òun àti ẹnì kan, ó ń sá. Ẹni yẹn náà fi ọwọ́ mú orúnkún, ó jáde. Òkòtó nìkan wá ń bá ẹ̀rọ sá, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún yí padà, ó ń sá. Mo dìde lórí àpótí. Inú mi dùn. N kò mọ ìgbà tí ó ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni kóòṣì ti bà á jẹ́. Ó sáré wá dì mọ́ mi, ó ní Bàbá, ẹ rí i bí? Gbogbo eré kéékèèké yẹn ti so èso. Ọkàn rẹ̀ ti tóbi sí i!

Mo gbé àpótí mi. Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú òógùn lára rẹ̀, mo ní ó tó. Kóòṣì ń tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo sọ? Mo ní ọkàn tó tóbi ló pa ìyá rẹ̀, èmi ni mo sin ín, ìwọ wá ń fi eré sọ ti ọmọ di ńlá, o sì ń dì mọ́ mi kí n bá ọ yọ̀.

O mọ iṣẹ́ mi, òun ni mo fi tọ́ yín. Tíúbù tó bá yọ kókó níbì kan, kò sí ẹni tó ń bá a yọ̀. Ibi tó tóbi yẹn ni rọ́bà rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́. Mo sọ èyí fún kóòṣì nígbà tí òun àti ọmọbìnrin gìrìwò yẹn wá bẹ̀ mí nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyẹn kúnlẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, Bàbá, tíúbù á fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn kì í ṣe rọ́bà, ẹran ara ni. Ẹ wo apá ọ̀tún yín tí ẹ fi ń fa pọ́ǹpù, ṣé kò tóbi ju tòsì lọ, ṣé ó bẹ́? Mo wo apá mi. Kò bẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní n kò tíì gbọ́ pé apá ńlá pa ẹnikẹ́ni. Ó ní irú kan ń tóbi nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, irú kan ń tóbi nítorí pé ó ń lágbára sí i. Mo ní báwo ni èmi tí mo wà níta á ṣe dá wọn mọ̀ yàtọ̀? Ó ní dókítà ti yẹ gbogbo wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé kò rí àléébù kankan. Mo ní dókítà ló sọ pé ìyá rẹ̀ á padà wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. Ọmọ gidi ni. N kò kórìíra rẹ̀.

Aránṣọ dá ọwọ́ dúró níbí yìí, ó ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, ekòló ló ń sá fún. Mo ní kí ó kọ tèmi, kí ó fi òwe tirẹ̀ rán ṣòkòtò.

Òkòtó kò bá mi jà. Ìbá sàn kí ó jà. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tó yá ilé wa gbé. Wọ́n ní ìdíje lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ìlú mìíràn, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára wọn, kóòṣì kọ̀, kò pa á rẹ́. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Ìdí rẹ̀ ti là, mo ti fi gọ́ọ̀mù táyà lẹ̀ ẹ́, ó tún là. Ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́, tó ń sá a sóòrùn, tó tún ń gbé e padà sábẹ́ tábìlì. Bàtà tí kò jáde kúrò nílé. Bí ó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń lọ gbé ọwọ́ sún mọ́ imú rẹ̀. Ó mọ̀. Kì í la ojú.

Lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó tì mí lẹ́yìn tí a jẹun tán. Ó gba ọwọ́ mi, ó gbé ìka mi lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ gbọ́. Ó lù. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ó ti dúró, mo fẹ́ ké, ó tún lù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Mo di ti ìyá rẹ mú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó ń sáré bí eku tó há sínú agolo. Òkòtó ní ti Màmá tóbi nítorí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, tèmi tóbi kí iṣẹ́ lè kéré lójú rẹ̀. Ó ní bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ bi Ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ni wọ́n wà nínú yàrá nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ló sọ. Ìwọ lo wà nínú yàrá. Èmi wà níta, mo ń bá ẹni tó ń ṣọ́ géètì jà nítorí ibi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ sí. Nígbà tí mo fi wọlé, dókítà ti ń lọ, gbólóhùn kan ṣoṣo lo sì sọ fún mi, o ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù. N kò bèèrè ìkejì. Láti ọjọ́ náà, orí gbólóhùn yẹn ni mo ń gùn lọ, ó ti jẹ bí táyà tí wáyà inú rẹ̀ ti yọ síta.

N kò kàwé. Bí mo bá ní kí ó lọ gbá a, tí nǹkan ṣẹlẹ̀, èmi ni mo pa á. Bí mo bá ní kí ó jókòó, èmi náà ni mo ń wò ó tó ń fọ bàtà. Wọ́n ní àgbà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Èmi ń sọ ọ́: n kò mọ̀. Ìwọ ni àkọ́bí. Jókòó, rántí gbogbo ohun tí dókítà sọ, kì í ṣe gbólóhùn tí o mú wá fún mi nìkan, kí o wò ó bóyá irú ọkàn ńlá kan náà ni, kí o sì dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀nà tí o máa gbà dá mi lóhùn nìyí. Nígbà tó o fi owó ránṣẹ́ kẹ́yìn, aránṣọ ní ó ti wọ inú fóònù òun. Mo ní kí ó gbọ̀n ọ́n jáde, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a bá jọ rìn lọ bá obìnrin tó ń yọ ọ́ fún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó wá sọ fún mi lónìí pé èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ owó, kí wọ́n jọ dé. N kò fẹ́ lẹ́tà. Ẹlòmíràn ló máa kà á fún mi, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ka àìsàn ìyá rẹ sí mi létí. Fi owó ránṣẹ́. Bí o bá ní kí àbúrò rẹ gbá a, kọ bàtà mọ́ ọn, màá ra irú èyí tí ìdí rẹ̀ kì í yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì dídán. Bí o bá ní kí ó jókòó, kọ òrùlé, màá ra páànù àti ìṣó. Èyíkéyìí tó o bá kọ, fi owó ránṣẹ́. Má kọ méjèèjì.

Aránṣọ kí ọ. Ó ń fi aṣọ oníbàárà nu ojú, mo sì ti sọ fún un pé kí ó má ba aṣọ aláṣọ jẹ́.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Ilé rẹ á tòrò, àwọn ọmọ rẹ á dàgbà níṣojú rẹ. Ẹni tó yẹ kó sin mí ni yóò sin mí. Mo ti sin ẹnì kan, ó tó. Ìwọ àti Òkòtó ni ẹ máa gbé mi, ẹsẹ̀ yín á sì mókun lọ́jọ́ náà, èémí yín á sì tó.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ọ lọ́wọ́, àkọ́bí mi. N kò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ ohunkóhun mọ́ owó náà, mọ̀ pé òrùlé wa kò jò.

Bàbá rẹ